Ẹ Yà Ní Rẹ́mọ
Ní Kánádà, ọ̀nà kan wà tó la ilẹ̀ pẹrẹsẹ já: oko àlìkámà lọ́tùn-ún, oko àlìkámà lósì, títí ojú á fi rẹni. Ọ̀nà tiwa ní ilẹ̀ Rẹ́mọ kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́; ìlú dé ìlú ló ń là kọjá. Kí wọ́n tó ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, Ìkòròdú àti Ṣàgámù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà. Awakọ̀ á dúró jẹun, èrò á ra obì (Ṣàgámù kúkú ni ìlú obì), wọn á sì mọ orúkọ ìlú tí wọ́n wà. Márosẹ̀ dára, aláìsàn tí wọ́n ń gbé sáré lọ sí Ìbàdàn mọ oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí gan-an pé ọmọ Rẹ́mọ á ti Èkó dé Ìbàdàn láìyà nílé. Bí ẹ bá ń kọjá lónìí, ẹ yà ní Ògèrè, ẹ gba Ìperu, kí ẹ dé Ìkẹ́nnẹ́ níbi tí wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909. Tírélà pọ̀ ní Ògèrè o. Ẹ rọra sáré.