Ojú Òfurufú, Iṣẹ́ Ilẹ̀: Kí ni Iṣẹ́ Alákòóso Ètò Sátẹ́láìtì?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dá lórí iṣẹ́ kan tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣe láti ogún ọdún ó lé sẹ́yìn, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì mọ̀ dáadáa: iṣẹ́ àwọn tó ń ṣàkóso ètò sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé. Bí a bá ti dárúkọ sátẹ́láìtì, iná àti èéfín rọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Èmi gbà pé ọjọ́ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbéra ni ibi tó le jù nínú iṣẹ́ alákòóso ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti pé orí ilẹ̀, lóko, létí odò, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ni a ti lè mọ̀ bóyá owó tí a ná sí òfurufú so èso.

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Rọ́ṣíà gbé NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà, gòkè láti Plesetsk ní ilẹ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ Surrey Satellite Technology ní Guildford, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ọ fún NASRDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Àjàyí Boroffice jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà. Ohun tí kò bá fẹ̀ tó mítà 32, kò lè yà á sọ́tọ̀, nítorí náà kò lè rí ilé ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 600 kìlómítà, ìyẹn sì mú un dára fún wíwo igbó, odò àti aṣálẹ̀. Kò dá ṣiṣẹ́: òun àti sátẹ́láìtì Àlùjíríà, Tọ́kì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ń ṣọ́ ibi tí àjálù bá ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, àwòrán rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ àwọn aṣèrànwọ́ lọ́wọ́. Àdéhùn tí àwọn ènìyàn jókòó ṣe ló mú ìyẹn ṣeé ṣe. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà fọwọ́ ara wọn kọ́ NigeriaSat-X, tó gòkè pẹ̀lú NigeriaSat-2 ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Àdéhùn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti mímúra èyí tí yóò rọ́pò sílẹ̀ kí ti àná tó kú: iṣẹ́ alákòóso nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011 yẹn kan náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí NigeriaSat-2 gòkè, òjò ńlá rọ̀, odò kún àkúnya, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. N kò dá sátẹ́láìtì náà lẹ́bi. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún àyẹ̀wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìkùukùu sì máa ń dí ojú kámẹ́rà irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ sí bèbè odò kì í hù lóru ọjọ́ kan. Omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980 ti kìlọ̀ fún ìlú náà. Bí a bá to àwòrán ọdún kan tẹ̀ lé ti òmíràn, a ó rí bí ilé ṣe ń sún mọ́ omi tí igbó etí odò sì ń tán. Àwòrán bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni là bó bá wà nínú kọ̀ǹpútà l'Ábújá. Ó ní láti di máàpù, kí máàpù náà di òfin ilé kíkọ́, kí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilé sì ní in lórí tábìlì rẹ̀. Ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí yíyá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ìdènà omíyalé n'Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ikú ni owó náà dé. Ojúṣe alákòóso ni kí ìmọ̀ máa ṣáájú ikú.

Àwọn kan yóò ní, nígbà tí àwòrán sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà àti Sentinel ti Yúróòpù ti di ọ̀fẹ́, kí la fẹ́ fi tiwa ṣe? Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọdún 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà sọ Landsat di ọ̀fẹ́. Ní 2001, tí ọjà rẹ̀ tà jù, nǹkan bí àwòrán 25,000 ni wọ́n tà. Lẹ́yìn tó di ọ̀fẹ́, iye tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ́dún kọjá mílíọ̀nù kan. Rédà Sentinel-1 sì ń ríran gba inú ìkùukùu kọjá, èyí tí a nílò gan-an lásìkò òjò. Kí a máa lò wọ́n. Ṣùgbọ́n Landsat yìí kan náà, ní àwọn ọdún 1980 tí wọ́n fà á lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́, àwòrán kan lè náni tó 4,000 dọ́là. Sentinel-1B, ọ̀kan nínú àwọn sátẹ́láìtì rédà yẹn, dákẹ́ ní oṣù Kejìlá, ọdún 2021, ó sì tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó rán Sentinel-1C lọ. Ẹni tó gbójú lé ohun ọ̀fẹ́ nìkan kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ lọ́jọ́ tí olóhun bá yí ìpinnu padà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀fẹ́ ni àwòrán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ṣé ó yẹ kí orílẹ̀-èdè tí ebi ń pa máa náwó sí òfurufú? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Omíyalé ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Tálákà tó kọ́lé sí àbàtà ni omi kọ́kọ́ ń gbé, ìkórè àgbẹ̀ ẹ̀bá odò ni ó sì ń gbá lọ. Nítorí tiwọn ni iṣẹ́ yìí fi yẹ. Ṣùgbọ́n mo gbà fún alátakò ní ibì kan: ètò tí àǹfààní rẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ yẹn, kò yẹ ní owó tí a ná sí i, bó ti wù kí sátẹ́láìtì rẹ̀ dára tó.

Àwọn olùkọ́ wà nítòsí wa. Láti 1972 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní AFRIGIST báyìí ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ máàpù àti àwòrán òfurufú n'Ílé-Ifẹ̀, yunifásítì FUTA l'Ákùúrẹ́ sì lọ́wọ́ nínú sátẹ́láìtì NigeriaEduSat-1, tó gòkè lọ́dún 2017. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yìí ń wá amòfin, oníṣirò owó àti onímọ̀ ilẹ̀, bó ti ń wá onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀yin gómìnà wa, ẹ gba àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ yìí sí ilé-iṣẹ́ ilẹ̀, ti àgbẹ̀ àti ti àyíká ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún wọn ní irinṣẹ́, kí ẹ sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ilé kíkọ́ létí odò láìwo máàpù wọn. Ẹ ṣe é kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.