Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó Ní Kí Wọ́n Lọ Rà Á: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Mẹkáníìkì ní Duport Road

Ẹ̀yin ọmọ mi tí à ń yọ̀ǹda lónìí ní Duport Road, ní Paynesville níbí, ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìfaradà. Àwọn kan nínú yín ti Ìbàdàn àti Ṣakí wá, àwọn kan kò mọ ilé mìíràn ju Monrovia lọ, gbogbo yín lẹ sì jọ gba ìbáwí kan náà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣe yín lóore kí ẹ tó máa lọ. Ó dá lórí ẹ́ńjìnnì tó ń mísì, nítorí òun ló ń ba orúkọ mẹkáníìkì jẹ́ jù lọ. Oníbàárà á gbé ọkọ̀ wá, ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀. Mẹkáníìkì á ní kó lọ ra pulọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ó rà á, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Á tún ní kó lọ ra kọ́ìlì mẹ́rin. Ó di nọ́súlù, ó di pọ́ọ̀ǹpù epo, títí owó tí onítakisí fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ yóò fi wọlé sọ́jà tán. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ irú rẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ mi jáde.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin náà gan-an. Sìlíńdà nílò afẹ́fẹ́, epo, iná pulọ́ọ̀gì àti kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, kí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí àsìkò. Corolla tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ń yí bí ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo méjì ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń gbaná, ìyẹn ìgbà 350. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò gbaná, ìyẹn ni mísì; kúráńkì á fà sẹ́yìn díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ ọ á rí i, bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní kóòdù.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń wọ àdúgbò yìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lò ó wá, ọkọ̀ tí wọ́n sì ń tà níbẹ̀ láti ọdún 1996 ló ní ojú tí a ń ki síkánà bọ̀ lábẹ́ sítíárìn láti ka kóòdù náà. Bí kóòdù P0300 bá jáde, mísì náà ń ká kiri. P0301 ń tọ́ka sí sìlíńdà kìíní, P0304 sí ìkẹrin. Ẹ gbọ́ o: kóòdù náà sọ sìlíńdà tí wàhálà wà fún yín, kò sọ ohun tó fà á.

Ká ní P0302 ló jáde. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé kọ́ìlì kejì sórí sìlíńdà kẹta, kí ti kẹta bọ́ sí ipò kejì. Ẹ pa kóòdù náà rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ náà dé ELWA Junction, kí ẹ padà. Bí P0303 bá jáde, kọ́ìlì ni, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni oníbàárà yóò rà. Bí P0302 bá ṣì dúró síbẹ̀, kọ́ìlì kò jẹ̀bi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pulọ́ọ̀gì, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́súlù. Ìdánwò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní dọ́là kan, ì báà ṣe ti Liberia tàbí ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ má fa kọ́ìlì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń fa wáyà pulọ́ọ̀gì láyé Peugeot 504. Iná ibẹ̀ lè ju fóòtì 20,000 lọ.

Bí ẹ bá tú pulọ́ọ̀gì, ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde, láti ìkíní dé ìkẹrin, kí ẹ gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ eérú tàbí búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ yá. Bí ó bá dúdú tí èédú gbígbẹ bò ó, epo pọ̀ jù tàbí iná kò tó. Bí ó bá funfun jù, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé. Bí ọ́ìlì bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ fura sí rìngì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ihò tí a ń ki kọ́ìlì bọ̀ ni ọ́ìlì ti dúró, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Ẹni tó bá pààrọ̀ kọ́ìlì láìpààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn yóò tún rí ọkọ̀ náà láìpẹ́. Ẹ tún wo ara tánganran funfun náà dáadáa. Nígbà mìíràn, ìlà dúdú tín-ín-rín kan á gba ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ń gbà sá lọ sára irin. Ẹni tó ń kánjú kò lè rí i.

Òjò tiwa tún wà níbẹ̀. Monrovia wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù lọ láyé, ó ju mílímítà 4,000 lọ lọ́dún; ti Ìbàdàn kò tó ìlàjì rẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá, omi ń wọ ihò pulọ́ọ̀gì, omi sì ń wọ epo, pàápàá epo inú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì. Bí mísì bá bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo sìlíńdà lẹ́yìn tí onímọ́tò ra epo, ẹ kọ́kọ́ gbọ́n epo náà sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò jókòó sísàlẹ̀, epo yóò léfòó.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá yọrí, ẹ wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n. Bí sìlíńdà kan bá rẹlẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, rìngì ni. Bí kò bá gòkè, ẹ yíjú sí fáàfù. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ rẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló jóná. Iná Check Engine tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ sọ fún oníbàárà kó má wa ọkọ̀ náà mọ́: epo tí kò jóná ń lọ jó nínú sáléńsà, ó sì ń yọ́ kátálíìsì inú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ yọ nínú owó aṣọ ẹbí, kí ẹ fi ra síkánà fún ọmọ yín. Ẹ̀yin ọmọ mi náà, Booker Washington Institute ti wà ní Kakata láti ọdún 1929, Monrovia Vocational Training Center sì wà nítòsí wa níbí. Ẹ má tijú láti tún lọ jókòó nínú kíláàsì.

Onítakisí tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín lọ́la, ẹ fi ìdánwò hàn án kí ẹ tó ní kó lọ ra ohunkóhun. Bí ẹ kò bá tíì mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yà ọkọ̀ tí ẹ bá sì yọ, ẹ kó o lé e lọ́wọ́ kó máa mú un lọ.