Adé Tí Aṣọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Bì Ṣubú

Bí ó pẹ́ bí ó yá, ẹni tí ó gun ẹṣin kò ní ṣàì sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ṣẹ mọ́ Jean-Bedel Bokassa lára, ológun tí ó sọ ara rẹ̀ di ọba ńlá ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí ìjọba rẹ̀ kò sì pé ọdún 3.

Ọmọ ọdún 6 ni ní ọdún 1927, nígbà tí wọ́n lu baba rẹ̀ pa lábẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ náà fi pa ara rẹ̀. Ní ọdún 1939, ọmọ òrukàn yìí wọ iṣẹ́ ológun Faransé, ó sì jagun títí dé Indochina. Nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ gba òmìnira, ó di olórí ọmọ-ogun níbẹ̀. Ní òru tí ọdún 1965 parí, ó gba ìjọba lọ́wọ́ David Dacko, ìbátan rẹ̀.

Oyè ààrẹ kò tó o. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1977, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé adé dé orí ara rẹ̀ ní Bangui, gẹ́gẹ́ bí Napoleon ti ṣe. Nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là ni ayẹyẹ náà gbà, ní ilẹ̀ tí òṣì ti ń bá àwọn ènìyàn jà. Faransé ni ó sì san èyí tí ó pọ̀ jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979, àṣẹ jáde pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ra aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ilé-iṣẹ́ ẹbí ọba ń ṣe. Àwọn ọmọ kọ̀, wọ́n tú sí ìgboro, ìbọn sì dá wọn lóhùn. Ní oṣù kẹrin, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ sí ẹ̀wọ̀n Ngaragba. Púpọ̀ nínú wọn ni kò jáde láàyè. Àwọn amòfin láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 5 wádìí ọ̀ràn náà, wọ́n sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọwọ́ ọba wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí Bokassa wà ní Libya, ọmọ-ogun Faransé balẹ̀ sí Bangui, wọ́n sì dá Dacko padà. Ọwọ́ tí ó san owó adé ni ó ṣí i. Ní ọdún 1987, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú. Wọ́n yí i sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ọdún 1993. Ó kú ní ọdún 1996.

Ẹni tí ìkà sọ di òrukàn ni ìbá mọ iyì ẹ̀mí ọmọdé. Adé tí kò bá dáàbò bo ọmọ tálákà, ẹrù lásán ni lórí ẹni tí ó dé e.