Ọkọ̀ Ọlọ́pàá Tí A Rà Ní Gbàǹjo



Ọ̀pọ̀ wa ló ń fẹ́ ọkọ̀ tí ọlọ́pàá lò tì, kó lọ di tòkunbọ̀ l'Ékòó. VEBEG, ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Frankfurt, ti ń ta ohun àlòkù ìjọba Jámánì láti 1951. Gbàǹjo tiwọn kò ní ariwo: oníkálukú á fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́, kò ní rí ti ẹnì kejì, iye tó ga jù ló ń gbà á. Bí wọ́n bá ti fún yín, sísan di dandan. Bí ẹ́ńjìnnì kú, ẹjọ́ yín ni. Bí ọkọ̀ bá wà ní Hamburg tí ẹ ń gbé Berlin, ẹ̀yin ni ẹ óò lọ gbé e.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá a máa dúró pẹ́ láìpa ẹ́ńjìnnì. Kìlómítà nìkan kò lè sọ bó ti gbó tó. Nítorí náà, ẹ mú mẹkáníìkì lọ wò ó kí ẹ tó pe iye. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó TÜV, ti ọkọ̀ ojú omi àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù sọ́tọ̀. Owó ilé àti owó ìwé àwọn ọmọ wa kò gbọdọ̀ bá gbàǹjo lọ.