Ẹ Jẹ́ Kí A Kó Ìjánu Sí Ìnáwó Ìjọba

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ owó ni, owó tí kì í ṣe ti ẹnì kan, tí gbogbo ènìyàn sì ń fẹ́ bù nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2015, ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ jẹ́ N4.49 trílíọ̀nù. Èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí fún ọdún 2025 jẹ́ N54.99 trílíọ̀nù. N kò ní tàn yín jẹ: agbára náírà ti dínkù gidigidi láàrin ọdún mẹ́wàá náà, nítorí náà kì í ṣe pé ìjọba ń ra ìlọ́po méjìlá ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí owó náà ń gbà lọ. Nínú àbá tí Ààrẹ gbé síwájú àwọn aṣòfin ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, N15.81 trílíọ̀nù ni a yà sọ́tọ̀ fún gbèsè. Ẹ̀kọ́ gba N3.52 trílíọ̀nù, ìlera gba N2.48 trílíọ̀nù. Bí a bá da ti ẹ̀kọ́ àti ti ìlera pọ̀, tí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kò tíì tó ohun tí gbèsè gbà. Ọmọ tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ òun ni ó ń san án.

Bí ẹ bá bi mí bí a ti ṣe dé ibi yìí, èmi yóò wí pé kì í ṣe ọdún ìyàn ni a ti ṣìnà bí kò ṣe ọdún ọ̀pọ̀. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín rántí Udoji. Láàrin ìparí ọdún 1973 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, iye owó epo rọ̀bì fò sókè ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dá àbá pé kí a fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìjọba gbà, ó sì san ti àwọn oṣù tí ó ti kọjá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ayọ̀ ńlá ni! Ṣùgbọ́n ní ọdún 1975 ọjà gbówó lórí ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ tí kò gba Udoji fi ń san owó Udoji lọ́jà. Ní àkókò yẹn kan náà, ìjọba ra símẹ́ńtì tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tò sójú òkun, Nàìjíríà sì ń san owó ìdúró fún wọn.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, Ààrẹ Shehu Shagari ní láti gbé òfin ìfúnlókun ọrọ̀-ajé jáde ní ọdún 1982. Owó ti lọ, àwọn ọ́fíìsì kò lọ. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé; ní tiwa, ọmọ-ọmọ ni a gbé igbá náà rù.

Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú. Àpò owó àṣẹ́kù epo tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2004 ti ní ju bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ nínú ní òpin ọdún 2008. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 2010, kò tó bílíọ̀nù 4 mọ́. Òfin wà pẹ̀lú. Òfin ọdún 2007 ní owó tí Báńkì Àpapọ̀ yóò yá ìjọba kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé ní ọdún tí ó ṣáájú. Ẹ̀yáwó yìí kan náà ni ó gòkè títí dé N22.7 trílíọ̀nù kí àwọn aṣòfin tó sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn ní ọdún 2023. Àwọn aládùúgbò wa ní Ghana náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018. Wọ́n dá a dúró nígbà àrùn kòrónà ní 2020, nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá 2022, wọ́n kéde pé àwọn kò lè san ọ̀pọ̀ gbèsè tí wọ́n jẹ ní òkè òkun.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti Oronsaye. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, ìgbìmọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Stephen Oronsaye jábọ̀ fún Ààrẹ Jonathan pé àjọ àti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 541. Nínú wọn, 263 ni òfin dá sílẹ̀. Wọ́n ní kí a dín wọn kù sí 161, kí a pa 38 rẹ́, kí a sì da 52 pọ̀. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni ìjọba tó pàṣẹ pé kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, a dá ilé-iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, Ààrẹ sì fọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn àti fún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ wà fún wọn láti ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àjọ tí òfin bá dá sílẹ̀, òfin mìíràn nìkan ni ó lè pa á rẹ́, aṣòfin tí agbègbè rẹ̀ sì ní ọ́fíìsì náà kò ní gbà.

Ẹ má gbọ́ mi ní àgbọ́yé. N kò wí pé kí a lé akọ̀wé kékeré tàbí nọ́ọ̀sì lọ. Àwọn kọ́ ni wọ́n gun mọ́tò ńlá. Ẹ sì jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́: nínú yàrá yìí, àwọn kan wà tí wọ́n ń dúró de ipò alága àjọ kan. Èmi mọ̀ wọ́n, wọ́n sì mọ ara wọn.

Nítorí náà, mo gbé àbá kan kalẹ̀: kí aṣòfin ẹgbẹ́ wa kankan má ṣe dìbò fún àjọ titun àfi bí ìwé òfin náà bá dárúkọ àjọ tí a ó pa rẹ́ dípò rẹ̀ àti ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá, àti pé nígbà tí epo bá tún gbówó lórí, kí a kọ́kọ́ fi àṣẹ́kù náà san gbèsè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Alága, mo bẹ̀ yín, ẹ bi ìpàdé léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a tó tú ká.