Atọ́ka Tó Pọ̀ Jù Nínú Ìwé Ẹgbẹ́

Ẹgbẹ́ fẹ́ kó ìwé orúkọ àti owó oṣù wa sínú kọ̀ǹpútà. Ohun kan wà tó yẹ ká mọ̀ kí owó tó jáde.

Láti ọdún 1970 tí Edgar Codd ti IBM ti gbé ìlànà rẹ̀ jáde, orí àtẹ ni a ń to irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí, ìlà kan fún ẹnì kan. Kí kọ̀ǹpútà má baà ka gbogbo ìlà kó tó rí ẹnì kan, a máa ń ṣe atọ́ka fún un, bí èyí tó wà lẹ́yìn ìwé ńlá.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn kan a máa ṣe atọ́ka bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìtọ́ ọ wò. Ká ní atọ́ka kan to orúkọ ìdílé ṣáájú, ó wá to orúkọ ara ẹni tẹ̀lé e. Ẹni tó ń wá àwọn Adéyẹmí á rí gbogbo wọn lójú kan. Bí a bá tún ṣe òmíràn fún orúkọ ìdílé nìkan, iṣẹ́ tí èkíní ń ṣe náà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá gbogbo Bọ́lá kò rí ìrànlọ́wọ́ gidi níbẹ̀, torí Bọ́lá fọ́n káàkiri abẹ́ ìdílé gbogbo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ mú ìyẹn dání.

Kí ló wá burú nínú àṣetúnṣe? Gbogbo ìgbà tí akápò bá kọ owó tuntun sílẹ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú gbogbo atọ́ka àtẹ náà. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni. Lórí igba orúkọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ ọ́n lára. Àtẹ owó oṣù tó ń gùn lọ́dọọdún ni yóò fi hàn.

Kí a má sì kàn máa pa wọ́n rẹ́. Òmíràn ló ń dènà kí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Láti ẹ̀dà 5.7 ti ọdún 2015, MySQL ní schema_redundant_indexes tó ń dárúkọ àwọn tó jọra. PostgreSQL náà ń ka iye ìgbà tí a lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti MySQL 8.0 ti ọdún 2018, a lè kọ́kọ́ fi atọ́ka pamọ́, ká wò ó bóyá iṣẹ́ á falẹ̀, ká tó yọ ọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí akọ̀wé ni pé kí ẹni tí a bá gbéṣẹ́ fún kọ ìdí tí atọ́ka kọ̀ọ̀kan fi wà sílẹ̀, ká tó san owó tó kù fún un.