Omi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣí

[Ìró: Pọ́ǹpù omi ń kùn lóru. Ó dákẹ́. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.]

ASỌ̀TÀN: Aago méjì òru nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fọṣọ, síbẹ̀ pọ́ǹpù tún ti dìde. Pọ́ǹpù ọ̀tọ́mátíìkì kì í dédé ṣiṣẹ́. Ìgbà tí omi táǹkì bá lọ sílẹ̀ ló máa ń jí. Bí gbogbo ilé bá sùn tí omi ṣì ń lọ sílẹ̀, a jẹ́ pé ó ti ń jò níbi tójú ò tó.

Níbi tí mítà omi bá wà, bíìlì ló máa ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbẹ́ bóòhóòlù tirẹ̀, tó gbé táǹkì tirẹ̀ sórí òpó. Ta ni yóò wá sọ fún wa pé omi tá a lò ti pọ̀ jù? Lójú tèmi o, owó iná ni bíìlì omi wa. Ẹni tí yúníìtì tó máa ń bá a dóṣù parí bá ti ń tán láàárín oṣù, kó tó bá àwọn oníná jà, kó kọ́kọ́ tẹ́tí sí pọ́ǹpù rẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ omi tó bá ń kán ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lè da nǹkan bí 20 lítà nù lóòjọ́. Èyí tá à ń rí nìyẹn. Ti inú ògiri ńkọ́?

[Ìró: Ìka ń kan táìsì. Ibì kan dún ki, ibì kan dún gbọ́.]

ASỌ̀TÀN: Ọ̀dà ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Á wú bí awọ ara tí omi gbígbóná ta sí, lẹ́yìn náà á bó. Ìyẹ̀fun funfun lè yọ lára ògiri: iyọ̀ tí omi fà jáde ni, tí omi gbẹ tó sì ṣẹ́ kù. Àjà POP á ní àbàwọ́n roboto aláwọ̀ tíì. Kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì á máa rùn bí aṣọ tó bu. Táìsì tó dún bí ohun tó ṣófo lè jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá ń sun láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Òjò ló máa ń da àyẹ̀wò rú. Nígbà òjò, gbogbo ilé ló rin, kálukú a sì ní òjò ni. Ìgbà ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ yẹ ilé wò. Ògiri tó bá rin nínú oṣù kìíní, tí ètè gbogbo wa là, kì í ṣe òjò ló rin ín. Ẹ wo àgbàlá náà: ibi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀ lóun nìkan, páìpù lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ilé alámọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ n'Ìbàdàn, níhà Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, ẹ ó rí ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Wọ́n wá fa omi wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe balùwẹ̀ sí i. Bí páìpù bá lu, sìmẹ́ńtì ìta ò ní jẹ́ kí amọ̀ gbẹ bọ̀rọ̀. Inú á máa rọ̀, ojú á ṣì máa dán. Bí ẹ bá rí i tí ìdí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń wú, ẹ kó àwọn tó ń sùn níbẹ̀ kúrò ná.

Báwo la ṣe máa mọ̀ dájú? Ọjọ́ tí gbogbo ilé bá ń lọ sóde ìnáwó ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí táǹkì kún, kẹ́ ẹ pa pọ́ǹpù. Kí ẹni tí òòyì kì í kọ́ lókè gun òpó, kó ki ọ̀pá tó mọ́ bọ táǹkì, kó sàmì síbi tí omi mu ún dé. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé, ẹ tún ki ọ̀pá náà bọ táǹkì kẹ́nikẹ́ni tó ṣí ẹ̀rọ. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn ẹ ti kọ́kì abẹ́ táǹkì kẹ́ ẹ tó jáde. Bí kò bá lọ sílẹ̀ mọ́, ilé ló ti ń jò. Bó bá ṣì ń lọ, ẹ wo táǹkì fúnra rẹ̀ àti páìpù tó ṣáájú kọ́kì.

Kẹ́ ẹ tó fọ́ ògiri kankan, ẹ bu búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sí táǹkì ẹ̀yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fúlọ́ọ̀ṣì fún ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ náà bá yọ nínú àwo, rọ́bà inú táǹkì yẹn ni kò dí mọ́. Rọ́bà ò wọ́n.

Bí ibi tó rin bá súnmọ́ súwíìṣì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná gbogbo ilé. Ẹni tó ń ṣe wáyà iná ni kó kọ́kọ́ dé, kí pọ́ḿbà tó tẹ̀ lé e. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ tó lu nítòsí sókàwéè náà kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: bí omi ò bá ti tì í látinú mọ́, ó lè fa ìdọ̀tí mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà rẹ́ ògiri kí pọ́ḿbà tó ti omi tó lágbára sínú páìpù, kó fi í sílẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ yín kan gbogbo oríkèé rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá ya fọ́tò ògiri náà, pẹ̀lú tépù ìwọnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, kẹ́ni tó bá máa wá fọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tó máa gbẹ́.